Màmá Tọ́ọ̀ṣì, Ẹni Tó Kẹ̀yìn sí Fíìmù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa (1938–2019)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938, ní yàrá òkè tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ilé kejì sí ibùdókọ̀ ojú irin, ni wọ́n bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tèwe tàgbà mọ̀ sí Màmá Tọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ẹ̀yin èèyàn wa wá bá wa dágbére fún lónìí. Aláago ni bàbá wọn, aláago sì ni bàbá tó bí bàbá wọn. Ìdílé tí kì í kánjú ni, tí wọ́n lè fi odindi ọ̀sán wá irin wíńtín kan tó bọ́ sílẹ̀. Aránṣọ ni ìyá wọn, tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ọmọ ìdílé tí wọ́n mọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn ẹbí a máa ní ọ̀dọ̀ bàbá ni Màmá ti jogún sùúrù, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti jogún ẹnu, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n ti rí ìbéèrè.

Ìbéèrè sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn ni ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ní ọdún 1945, obìnrin kan ní òpópónà wọn kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ọkọ ní ọ̀sán gangan. Kí obìnrin náà tó dé ìkóríta, àdúgbò ti sọ ìtàn rẹ̀ tán: ó jalè, ó ní àlè, orí rẹ̀ ti dàrú. Màmá, tí wọn ò ju ọmọ ọdún méje lọ, dúró láàárín àwọn àgbà, wọ́n ní, “Ta ló sọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ìyá wọn fà wọ́n létí wọlé. Màmá máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn ni àwọn ti mọ̀ pé ìbéèrè náà dára, torí kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, wọ́n sì wọ ilé-ìwé girama ní ọdún 1951. Ìṣirò kò bá wọn lára mu. Àmọ́ bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ ìtàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á kọ ọ́: lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ẹni tó já sí kòtò, lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu ẹni tó gbẹ́ kòtò. Wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí ojú bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ojú sì ni irinṣẹ́ aláago. Màmá kúrò nílé-ìwé, wọ́n jókòó ti bàbá wọn, wọ́n ń ka nọ́ńbà tó wà lára irin aago sí wọn létí, títí ṣọ́ọ̀bù náà fi ti ilẹ̀kùn ní ìparí ọdún 1956.

Ní oṣù kejì ọdún 1957, Màmá gba iṣẹ́ ní ilé sinimá kan tó ní ẹgbẹ̀ta àga. Wọ́n fún wọn ní yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú àti tọ́ọ̀ṣì gígùn kan, tí wọ́n á máa fi tànmọ́lẹ̀ sọ́nà fún àwọn tó bá wọlé lẹ́yìn tí iná ti kú. Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo yín mọ̀ ti wá. Òfin mẹ́ta ni máníjà kà fún wọn: “O ò gbọdọ̀ jókòó. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. O sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí fíìmù.” Ìdí ni pé àwọn kan máa ń gbé ẹsẹ̀ lé àga iwájú, àwọn kan a máa mu sìgá níbi tí kò yẹ, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ fíìmù kò lè rí wọn.

Bó ṣe di pé Màmá lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nílé sinimá nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ojú àwọn olùwòran ni wọ́n wò jù lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀ máa ń tàn sí ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ dáadáa. Wọ́n ń gbọ́ ohùn fíìmù lẹ́yìn wọn, wọ́n ń rí ohun tí ohùn náà ń ṣe sí èèyàn níwájú wọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà ni àwọn fíìmù tí ẹnìkan ti ń ṣọ́ ẹlòmíì, tí ẹnìkan á kú ikú àràmàǹdà, tí àṣírí kò sì ní í tú títí di ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn. Màmá ń pè wọ́n ní fíìmù amáyàjá. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ mọ èèyàn, wo ojú rẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ń wo òun.

Ohun kan tún wà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Màmá ń wọṣẹ́, nígbà tí fíìmù ti dé ìdajì. Bí wọ́n bá sì tún un bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ni Màmá wà, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Òpin ìtàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀. Ó di Ọjọ́bọ̀, tí ẹnìkejì wọn lẹ́nu iṣẹ́ bá gba ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1959, fíìmù kan dé tí wọ́n fi hàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkùnrin kan tó ń yẹ lẹ́tà wò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tẹ̀ lé obìnrin kan tó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú gba lẹ́tà. Ẹ̀yìn ọrùn obìnrin yìí là ń rí ṣáá, ìbọ̀wọ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àṣé ńṣe ló ń dáàbò bo ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ apànìyàn, apànìyàn náà sì ni ọ̀gá ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí àṣírí tó tú, obìnrin náà ti já láti orí àtẹ̀gùn, ó ti kú. Màmá tó ti mọ òpin wá rí ìbẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbọ́ tí àwọn olùwòran ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé, “Òpùrọ́ obìnrin! Ẹ ò rí bó ṣe ń rìn?” Màmá tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu obìnrin náà, Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta léra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé kan, wọ́n kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ pé: “Obìnrin yìí kò purọ́ rí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ ohun tí àwọn olùwòran ń ṣe sínú ìwé.

Bí ẹ bá gbọ́ pé àga ló ṣe alárinà ìgbéyàwó àwọn òbí wa, òótọ́ ni. Ní ọdún 1960, ilé sinimá gba Bàbá wa láti wá tún àga ṣe, torí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi fóòmù àti awọ tuntun bo èyí tó bá ti gbó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ ní ìlà kejìlá, wọ́n ń mi orí.

“Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, kí ni wọ́n ń fi àwọn àga yìí ṣe? Iwájú nìkan ló gbó. Ibi ìfẹ̀yìntì ṣì dà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.”

“Fíìmù amáyàjá la fi hàn lóṣù tó kọjá,” Màmá dá wọn lóhùn. “Kò sẹ́ni tó rántí pé àga ní ẹ̀yìn.”

“Ọwọ́ àga wá ńkọ́? Ti ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi èékánná ha.”

Ìyẹn kò yé Màmá. Wọ́n kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì sì yẹ ọwọ́ àga wò ní ìlà mẹ́rin gbáko. Títí Bàbá fi kú, wọn ò rí ìdí tó fi jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, àmọ́ wọ́n ti rí ara wọn. Ìgbéyàwó wáyé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1961, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í lo ilé sinimá náà ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n á wo fíìmù àtijọ́ kan, olùkọ́ yunifásítì kan á sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Obìnrin ni olùkọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, ó ṣàlàyé pé nínú fíìmù amáyàjá, ọkùnrin ló ń béèrè, obìnrin ni ìbéèrè. Bí ọkùnrin bá ń rìn, ìtàn ń bá a rìn. Bí obìnrin bá yọ, ìtàn á dúró ká lè wò ó. Ó ní ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà, àti pé gbogbo ẹni tó bá jókòó sínú òkùnkùn yẹn, ì báà jẹ́ akọ, ì báà jẹ́ abo, ojú ọkùnrin ló yá láti fi wò ó.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì sókè, torí wọn ò mọ ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà tọrọ ọ̀rọ̀ sọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, ẹ ní gbogbo ẹni tó jókòó. Ṣé ẹ ti wo ojú wọn rí?”

Máníjà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí òjò tí kò ṣú. “Tọ́ọ̀ṣì la gbà ọ́ fún, a ò gba ẹnu! Bọ́ síta, kí n tó gba yunifọ́ọ̀mù yẹn lára rẹ.”

Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé nígbà náà, iṣẹ́ Bàbá kì í sì í dé lóṣooṣù. Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kan síta nígbà tí olùkọ́ náà sọ̀rọ̀. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kí lẹ rí lójú wọn, mà?”

“Tí ọkùnrin bá ń tẹ̀ lé obìnrin,” Màmá wí, “àwọn ọkùnrin á fa ara síwájú. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n tí obìnrin yẹn bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, tó dúró, tí ò tíì yíjú padà, ẹ wá wo ọkùnrin kan náà. Á ti gbá fìlà mọ́yà bí obìnrin ṣe ń gbá báàgì mọ́yà. Ó ti kúrò níjòókòó tirẹ̀, ó ti bọ́ sí ti obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun lọ. Tí iná bá tàn báyìí, á sáré padà, á máa túnra ṣe.”

Ẹ̀rín bú sáyé. “Àwọn obìnrin wá ńkọ́?” olùkọ́ náà béèrè.

“Àwọn obìnrin ń lọ, wọ́n ń bọ̀,” Màmá fèsì. “Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Fíìmù ń gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó jókòó ń gbọ́ ti ẹnìkejì, bí kámẹ́rà tiẹ̀ kọ̀.”

Wọ́n dá Màmá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà? Olùkọ́ náà ni. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò wá jókòó. Ó bá Màmá dúró lẹ́bàá ògiri, ó kẹ̀yìn sí fíìmù. Ojú àwọn olùwòran ló ń wò títí fíìmù fi parí. Nígbà tí wọ́n bọ́ síta sínú oòrùn, ó nu ojú rẹ̀. “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn nípa olùwòran. Mi ò tíì wo olùwòran kan rí.”

Màmá yá a ní ìwé ìkọ̀wé mẹ́rìnlá lára èyí tí wọ́n ti kọ. Ní ọdún 1976, olùkọ́ náà gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà, ìwé tí yunifásítì fi ń gbé ìwádìí jáde. Ọ̀rọ̀ Màmá wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti fìlà, ti báàgì, ti ẹni tó sáré padà, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ “ìwádìí tí mo ṣe.” Ara Bàbá gbóná. “Olè ni! Olè tó mọ̀wé!”

“Ẹ ti dá a lẹ́jọ́,” Màmá wí. “Mi ò tíì bi í.”

Wọ́n gun àtẹ̀gùn dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní àjà kẹta, wọ́n jókòó láàárín òkìtì ìwé, wọ́n sì béèrè ìdí tí àwọn ò fi sí níbẹ̀. Olùkọ́ náà kò lè wo ojú wọn. “Àwọn olóòtú ní ẹ ò ní ìwé-ẹ̀rí, mà. Wọ́n ní kí n yọ yín kúrò. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yọ yín.”

Màmá fa àga wọn súnmọ́ tábìlì rẹ̀. “Ó dáa. Báwo lèèyàn ṣe ń ní i?”

“Kí ni, mà?”

“Ìwé-ẹ̀rí náà.”

Olùkọ́ náà kọ àtúnṣe sínú jọ́nà tó tẹ̀ lé e. Màmá ní tiwọn padà sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ti máa ń pè wọ́n ní “Mọ́mì,” tó sì máa ń fún wọn ní òdo láìbojúwẹ̀yìn. Ní ọdún 1982, ilé sinimá ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkó-sìmẹ́ǹtì-sí. Bàbá ra àga méjì níbẹ̀, wọ́n gbé e sí pálọ̀ wa. Ọdún yẹn náà ni Màmá wọ yunifásítì, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1985, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, lórí tíọ́rì ìtàn sísọ àti ti akọ òun abo nínú fíìmù amáyàjá. Olùkọ́ yẹn ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n jọ ń jiyàn débi pé àwọn aládùúgbò ọ́fíìsì rẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí a fẹ́ sọ báyìí, Màmá kì í fi bò, nítorí náà àwa náà kò ní í fi bò. Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 1987, Màmá jókòó sórí àga sinimá nínú pálọ̀, àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń ka ìwé ìkọ̀wé mẹ́tàlélógún tí wọ́n kọ nílé sinimá sí wọn létí kí wọ́n lè to ẹ̀rí wọn jọ. Ó kà á pé: “Ọkùnrin, ìlà keje, àga kẹrin. Ó fa ara síwájú. Ó dá mímí dúró nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ìtìjú. Obìnrin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: aṣọ elésè àlùkò, ìbọ̀wọ́ funfun.” Ó ṣí ojú ewé míì. “Ọkùnrin, ìlà kẹta. Ó di ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin: bàtà tuntun.” Ó gbójú sókè kúrò nínú ìwé.

“Máa kà á lọ.”

“Màmá, kí ló ṣe?”

“Ta ni?”

“Obìnrin yìí. Ẹ kọ aṣọ rẹ̀. Ẹ kọ bàtà rẹ̀. Kí ló ṣe nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí?”

Màmá ní kí ó gbé ìwé náà wá. Wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n ka èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n kọ sílẹ̀, ti méje kò ju aṣọ, irun tàbí bàtà lọ. Ó jẹ́ pé torí àwọn ọkùnrin ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé àga, àwọn ni Màmá ń ṣọ́. Ní ti àwọn obìnrin, wíwò lásán ni wọ́n ń wò wọ́n. Obìnrin ti dúró síwájú obìnrin fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti wò wọ́n bí kámẹ́rà ṣe ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìgboyà sọ ní Sátidé ọjọ́sí, pé àwọn obìnrin ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn ò ní ẹ̀rí kankan tó gbé e ró.

Ẹkún kọ́ ni Màmá sun. Wọ́n kàn ń to àwọn ìwé náà sílẹ̀, wọ́n ń tún wọn tò, èyí tó dẹ́rù bà wá ju ẹkún lọ. Bàbá gbìyànjú láti tù wọ́n nínú. “Ta ló máa mọ̀? Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo kà á. Fi ti àwọn ọkùnrin síwájú, kí o fi ìyókù sílẹ̀.”

“Bàbá àwọn ọmọ mi, iṣẹ́ fíìmù yẹn náà nìyẹn,” Màmá wí. “Ó mọ òótọ́, ó fi pa mọ́, ó jẹ́ ká máa bínú sí ẹni ẹlẹ́ni.” Wọ́n sọ ọ́ di orí kìíní ìwé àpilẹ̀kọ wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, Màmá dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùdánwò nínú yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń ké bí adìyẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ṣí ìwé náà, ó wò wọ́n láti orí gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ṣé ohun tí ẹ ń sọ fún wa ni pé ẹ̀rí yín kò pé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èwo wá ni ká gbà gbọ́ nínú rẹ̀?”

“Ẹ gba ohun tí mo rí gbọ́, sà, kí ẹ sì fi ibi tí mo dúró sí kún un.”

Wọ́n ní kí Màmá bọ́ síta. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí kan ó lé, Bàbá ń yẹ awọ àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò, wọ́n ń pòṣé sí ẹni tó rán an. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, ìgbìmọ̀ ní àwọn gbà á, ṣùgbọ́n kí Màmá lọ fi orí kan kún un: kí wọ́n lọ wá àwọn obìnrin náà.

Màmá ní inú àwọn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn, ilé onídìrí, ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ, pé ẹni tó bá ti wo fíìmù amáyàjá rí ní ilé sinimá yẹn, kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jẹ́ ìpè. Ọ̀kan lára wọn sọ pé òun kì í wo ọkùnrin, òun kì í wo obìnrin. Àtẹ̀gùn ilé náà ni òun ń wò, òun ń rò ó pé ta ló ń gbá a. Ọ̀kan ní kò sí apànìyàn tí òun kì í mọ̀, torí apànìyàn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kì í di ẹrù kankan. Ìyá arúgbó kan, tó ti jẹ́ aránṣọ nígbà náà, mú ọwọ́ Màmá, ó ní, “Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè ké kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé.” Nígbà tí Màmá padà délé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jókòó láìbọ́ bàtà. Wọ́n ní ìyá náà ti jókòó ní ìlà karùn-ún fún ọdún mẹ́jọ, àwọn sì rántí gbogbo fìlà rẹ̀.

Màmá gba oyè wọn ní ọdún 1989. Títí di ọdún 2004, wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì náà lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni kí wọ́n ní kí ìdajì wọn dìde, kí wọ́n kẹ̀yìn sí fíìmù. Bàbá wa fi wá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá dá ìwòran sílẹ̀ ní ilé ìkàwé àdúgbò ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á dá fíìmù dúró ní ìdajì, wọ́n á sì ní kí ẹnìkan dìde sọ ìtàn náà láti ẹnu ẹni tí kámẹ́rà kò tẹ̀ lé. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì yarí fún oṣù méjì pé òun kò lè fi ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀, pé òfin kò gba ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó dìde, ó sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kò fẹ́ jókòó mọ́. Ó wà láàárín wa lónìí.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pa ilé Ọlọ́run jẹ. Àga ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tó kọjú sí ìjọ, ni wọ́n máa ń jókòó sí, ẹ̀yin ará ìjọ sì mọ ohun tí ìyẹn ti dá sílẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n lọ jókòó sáàárín, torí àwọn èèyàn kò lè tòògbé ní àlàáfíà mọ́. Màmá ní kí Pásítọ̀ dúpẹ́, torí àwọn nìkan ló mọ ibi tí ìwàásù ti ń wọni lára. Pásítọ̀ ní kí wọ́n sọ ọ́ fún òun. Láti ìgbà náà, wọ́n jọ ń ṣèpàdé ní ọjọ́ Ajé, ìwàásù sì ti kúrú.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò gbé Màmá mọ́, wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí wọn. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ki nǹkan bọ etí, á máa wo fíìmù amáyàjá lórí fóònù. Màmá á máa wo ojú rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, wọ́n fọwọ́ kàn án.

“Nígbà tí ẹ̀rù bà ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, ta lo wò?”

“Kò sẹ́ni tí mo wò, Màmá àgbà. Èmi nìkan ni mò ń wò ó.”

“Nílé sinimá, tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n máa ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé láti mọ̀ bóyá ẹ̀rù bà á náà ni?”

“Mi ò mọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀,” Màmá wí, inú wọn sì dùn bí ẹni tó gba lẹ́tà. Wọ́n ní kí ọmọ náà yọ ọ̀kan lára ohun etí yẹn, kó fi sí àwọn létí. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń wò ó, orí kan orí. Màmá ń wo ojú ọmọ, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Màmá. Ó sọ fún wa pé tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ ṣí nínú fíìmù, Màmá máa ń di ojú, bí wọ́n tiẹ̀ ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń wo gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó wo ojú wọn nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, àfi ọmọ yìí.

Màmá sùn nínú Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, atúnàgaṣe tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, agbẹjọ́rò, àti awakọ̀ ojú irin. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò wọn obìnrin kan, àti olùkọ́ wọn, ọ̀rẹ́ wọn, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà, tó sì ṣì ń bá wọn jiyàn títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ.

Màmá wa, iṣẹ́ ti tó, ẹsẹ̀ yín ti dúró pẹ́. Ẹ wá ibi tó tura jókòó. Kí ilẹ̀ ó fúyẹ́ lára yín, kí Ẹlẹ́dàá tó ń rí ojú gbogbo èèyàn fi ojú àánú wò yín. Ẹ sinmi o, ìyá wa. Ó dàárọ̀.